Ó Kú Ni, Kò Bàjẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́tò tó kú sáàárín títì, ẹ sọ fún un pé kò mọ Olúdayọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Kawo ní Kaduna, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978, nígbà tí ọyẹ́ ń da eruku sójú gbogbo ayé, tí àwọn onítakisí sì ń fọn fèrè lẹ́yìn mọ́tò náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Iṣẹ́ Olúdayọ̀ ni láti máa kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ju ṣọ́ọ̀bù kan lọ ní Hayin Banki, pẹ̀lú mọ́tò Fọ́ksì méjì tí àwọ̀ wọn kò bára mu, àti pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kọ òwe Hausa sí: *Sannu ba ta hana zuwa*. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ń rọra lọ náà á dé. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì kó bọ́ sápá ọ̀tún ni èrò ti ń wọ́ wá síbẹ̀, Olúdayọ̀ ni gbogbo wọn sì ń béèrè. Sùúrù rẹ̀ ló fà á. Bí o bá wa mọ́tò wọ kòtò, á ní, "Kòtò yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ìwọ kọ́ lo gbẹ́ ẹ." Bí mọ́tò bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, á ní, "Ó kú ni, kò bàjẹ́. Tún ṣáná sí i."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé gbogbo sùúrù yìí, àwọn ẹlòmíràn ló ń pín in fún. Kì í ṣẹ́ ku nǹkan kan fún òun alára. Ẹnu kan wà nínú ọkùnrin náà tí kì í sùn. Tó bá gbàgbé láti kí àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu yẹn á bẹ̀rẹ̀: "Òmùgọ̀! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń hùwà ọmọlúàbí, ìwọ ń ṣe bí ẹni tí kò ní ilé." Títí di ọjọ́ kẹrin ọ̀sẹ̀ ni yóò máa gbọ́ ọ. Àgbàlagbà ọ̀hún á sì ti gbàgbé kó tó délé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹni tó jókòó nídìí ọkọ̀ ni Túndùn, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ọmọ Bàbá Oyèdélé ti Kabala Doki. Richard, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti lọ kàwé lókè òkun, ó sì fi Fọ́ksì tirẹ̀ sílẹ̀ sí àgbàlá bàbá wọn. Túndùn ní òun kò ní jẹ́ kí adìẹ fi mọ́tò ẹ̀gbọ́n òun ṣe ilé.

"Mo ti bà á jẹ́," ni Túndùn wí. "Tíṣà, ẹ bọ́ síbí kẹ́ ẹ wà á. Mi ò lè ṣe é."

"*Haba, malama!*" ni onítakisí kan fi Hausa lọgun lẹ́yìn wọn, bí ẹni ń wí pé, "Kí ló dé, ìyáàfin!"

Olúdayọ̀ kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Nọ́ọ̀sì, tí ọmọ tuntun bá wáyé tí kò ké, ṣé ẹ máa ń sọ pé ó ti parí náà nìyẹn?"

"Ká má rí i! A máa gbá a nídìí ni."

"Ẹ gbá eléyìí náà nídìí. Ó kú ni, kò bàjẹ́. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ tún ṣáná sí i."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Túndùn. Ó ṣáná sí i, mọ́tò dáhùn, wọ́n sì gbéra. Ẹ̀rín yẹn ni Olúdayọ̀ gbé lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń gbọ́ ọ nígbà tó ń fọ ẹsẹ̀, ó ń gbọ́ ọ nígbà tó ń jẹun. Ó wu ú púpọ̀. Ẹnu inú rẹ̀ sì ní, "Odindi nọ́ọ̀sì! Kí ni yóò fi ọ́ ṣe?"

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn dóńgóyárò etí títì tún wọ ewé tuntun, Olúdayọ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Yísà, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tó bá Túndùn bẹ̀rẹ̀ ti ń wa tírélà lọ sí Èkó.

Túndùn fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pa mọ́tò sábẹ́ igi, ó kọjú sí i.

"Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa sọ ohun tó wà lọ́kàn yín?"

"Ohun wo?"

"Mo ti gba láísẹ́nsì. Ó ti ń lọ sí oṣù kan. Mo ṣì ń wá kọ́ ẹ̀kọ́. Kí lẹ rò pé mò ń wá ṣe?"

Olúdayọ̀ wo gíà, ó wo bíréèkì, kò rí ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ìkankan nínú wọn. "Túndùn, mo fẹ́ràn yín."

"O fẹ́ràn mi," ni Túndùn tún un ṣe fún un. "Èmi kan ṣoṣo ni mo wà níbí. Èmi náà fẹ́ràn rẹ. Ó yá, wá fi ojú han bàbá mi."

Gbogbo ayọ̀ tó wà lára Olúdayọ̀ ló gbọ̀n dànù nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Ta ni kò mọ Bàbá Oyèdélé? Ọmọ Ìsánlú ni, gáàdì rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì, fèrè tó fi ń dá rélùwéè sílẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ títí di òní. Ní ìpàdé àwọn ará ilé ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń bínú jù sí àwọn ọmọ tí a bí sí Kaduna, tí a bá wọn sọ Yorùbá tí wọ́n fi Hausa dáhùn. Hayin Banki ni wọ́n sì bí Olúdayọ̀ sí. Àárín àwọn ọmọ Hausa ló ti ta bọ́ọ̀lù dàgbà. Yorùbá rẹ̀ dán dáadáa, ṣùgbọ́n bí àyà rẹ̀ bá já, Hausa ló máa ń ṣáájú jáde.

Màmá Martha, aránṣọ, tó jẹ́ olórí àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbà láti ṣe alárinà. Ó mú un lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá Oyèdélé jókòó sábẹ́ fọ́tò ara rẹ̀ nínú aṣọ gáàdì, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Bridget wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Túndùn ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Olúdayọ̀ ṣí fìlà, ó fi lé orí àga. Ó ti pinnu pé òun á na gbalaja. Àfi bí orúnkún rẹ̀ ṣe ká, tí kò sì ká kọjá ibẹ̀. Ó bá ara rẹ̀ ní ìlóṣòó, bí ẹni tó wá kí Sarki láàfin, ẹnu rẹ̀ sì là, ó fi Hausa ní kí ẹ̀mí Bàbá gùn, ó sì kí i kú ọ̀sán:

"*Ranka ya dade! Ina wuni?*"

Àǹtí Bridget bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Oyèdélé wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ta ni ọmọkùnrin yìí ń kí?"

"Òmùgọ̀!" ni ẹnu inú Olúdayọ̀ kígbe. "Mo sọ fún ọ! Mo sọ fún ọ pé wàá ba ara rẹ jẹ́!" Ọkùnrin náà dìde, ó ní, "Ẹ dákun, mò ń bọ̀," ó jáde. Kò padà wá. Fìlà rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lórí àga.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Martha mú èsì wá. "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ nílé àwọn."

"Wọn ò jẹ̀bi," ni Olúdayọ̀ wí. "Èmi náà ò fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó wá ń yẹra fún Túndùn. Bí Túndùn bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, á gba ẹ̀yìn jáde, Yísà ló sì ń pa irọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ Yísà kò mọ irọ́ pa. "Ó lọ sí Zaria," ni yóò wí, tójú rẹ̀ á sì máa wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àárò Túndùn ń sọ Olúdayọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì kúrò létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu inú yẹn ti fi àga jókòó, ó ní kí ó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ ènìyàn kí.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Fọ́ksì kan yà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an, níbi tí Olúdayọ̀ ń sá gbà. Túndùn ló wà nídìí rẹ̀, nínú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀.

"Wọlé."

"Túndùn, jẹ́ n ṣàlàyé..."

"Tíṣà, mo ní kó o wọlé."

Ó wọlé. Túndùn wa ọkọ̀ lọ láìsọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi dé ojú ọ̀nà Kawo, ó pa á sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí mọ́tò ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́.

"Lọ́jọ́ yẹn, kí lo pè mí?"

"Nọ́ọ̀sì ni mo pè ọ́."

"O ò pè mí ní òmùgọ̀?"

"Kí ló dé tí n ó fi pè ọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ló bà ọ́. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni."

"Lọ́jọ́ tí mo fi iná iwájú mọ́tò yín gbá igi ńkọ́? Tó o ní mọ́tò lè ríran pẹ̀lú ojú kan kí wọ́n tó tún un ṣe?"

Olúdayọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́.

"Ṣé irọ́ lo ń pa fún mi?" ni Túndùn bi í.

"Rárá o. Òtítọ́ ni."

"Tó bá jẹ́ òtítọ́ fún mi, ta ló sọ ọ́ di irọ́ fún ọ? Kí lo sọ fún ara rẹ nígbà tó o jáde nílé wa?"

Kò lè sọ ọ́ tán. Ó sọ díẹ̀, omi gba ojú Túndùn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dayọ̀, tí ẹlòmíràn bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kan, kí lo máa ṣe?"

"Màá sọ pé kó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò mi."

"Ó dáa. Sọ fún un kó bọ́ sílẹ̀."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Olúdayọ̀ fi ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ó wá ń ṣọ́ ẹnu inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹlúbọ́. Bó bá ti ní "Òmùgọ̀," òun náà á ní, "Rárá, pẹ̀lẹ́." Ó kọ́kọ́ ń tì í lójú bí ìgbà tí èèyàn ń dá sọ̀rọ̀ lọ́jà. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára díẹ̀. Ó lọ bá Màmá Martha, ó ní òun fẹ́ tún lọ.

Màmá Martha fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ìka ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. "Sílé Oyèdélé yẹn náà?"

"Ẹ kọ́ mi, Màmá."

Iwájú ẹ̀rọ ìránṣọ ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Olúdayọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kí i kú ìjókòó, ó kí i kú ilé, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ fún un. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ fi aṣọ bo ẹnu.

"Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ dára," ni Màmá Martha wí nígbẹ̀yìn. "Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọmọ mi. Gbogbo Kaduna lo ń sọ ọ̀rọ̀ rere fún. Dákun, sọ ọ́ fún ìwọ náà, kí obì tìrẹ lè jáde."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n lọ, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé Bàbá Oyèdélé gbà wọ́n wọlé. Olúdayọ̀ na gbalaja bí igi tó wó, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè rí àléébù níbẹ̀. Ó sì kí wọn, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Bàbá Oyèdélé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ta ni? Ọmọ ta sì ni ọ́?"

Ìbéèrè tí Olúdayọ̀ ti dáhùn níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ kì í wo ènìyàn báyẹn. Ọkàn Olúdayọ̀ ṣófo bí agbada tí wọ́n da ohun inú rẹ̀ nù. Nínú òfìfo yẹn, Hausa ló fi dárúkọ ara rẹ̀:

"*Sunana* Olúdayọ̀."

Àǹtí Bridget fi gèlè bo ojú. Túndùn di ojú rẹ̀ méjèèjì. Olúdayọ̀ dìde díẹ̀díẹ̀, ó yíjú, ó jáde.

"Áà, Dayọ̀!" ni Màmá Martha kígbe. "Ó tún ti lọ!"

Níta, Fọ́ksì Richard wà nínú oòrùn. Olúdayọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ẹnu inú rẹ̀ ti là: "Òmùgọ̀, ṣé o ti..." "Bọ́ sílẹ̀," ni Olúdayọ̀ wí, ó sì sọ ọ́ síta ketekete, tí ọmọdébìnrin kan tó ń pọn omi yí ojú padà wò ó. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nídìí ọkọ̀ sọ̀rọ̀. "Pẹ̀lẹ́, Dayọ̀. Ẹ̀rù ló bà ọ́. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọmọ ènìyàn tó báyìí, ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. O kú ni, o ò bàjẹ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ó padà sí ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn.

"Àgò onílé o!"

Ohùn Bàbá Oyèdélé jáde, ohùn ọ̀hún sì ń fi ẹ̀rín pamọ́.

"Àgò yà."

Ó wọlé bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ó tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán, Bàbá. Èmi ni Olúdayọ̀, ọmọ olóògbé Ọlọ́runtọ́ba, ará Kàbà. Hayin Banki ni wọ́n bí mi sí. Bí ẹ̀rù bá bà mí, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, ẹ̀rù sì ń bà mí báyìí, Bàbá. Mo fẹ́ràn Túndùn. Ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìyàwó."

"Dìde," ni Bàbá Oyèdélé wí. "Ṣé o rò pé Hausa lo fi ṣẹ̀ mí? Hausa ni mo fi ń lé èrò wọ rélùwéè láti Kano dé Minna! Lóòótọ́, mo fẹ́ kí ẹ máa sọ èdè wa, n kò ní yéé sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí ni pé o sá. Mo bi ara mi pé, lọ́jọ́ tí ilé bá gbóná mọ́ ọmọ mi lórí, ṣé fìlà nìkan ni yóò bá lórí àga?"

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀, ó mú fìlà Olúdayọ̀ jáde. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. "Gbà. Ẹni tó jáde tó sì tún padà wá kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe ìsáǹsá. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá."

Túndùn ti fò jáde láti ilé ìdáná. Màmá Martha ń jó láìsí orin. Bàbá Oyèdélé sì gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n gidigidi bíi ti ìgbà tí rélùwéè bá fẹ́ gbéra, àwọn ará àdúgbò sì ń yọjú lójú fèrèsé.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n gbéyàwó. N kò ní purọ́ fún yín pé ẹnu inú Olúdayọ̀ yadi láti ọjọ́ náà. Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò rí àga jókòó mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìgbéyàwó ṣì gbóná, Olúdayọ̀ ní kí òun ran ìyàwó òun lọ́wọ́. Ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì jó ihò kan gbàgàdà sí i láyà. Túndùn ti pẹ́ fún iṣẹ́. Ó rí ihò náà, inú bí i, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Òmùgọ̀ ni ọ́ bí?"

Ní ìgbà kan rí, Olúdayọ̀ ì bá ti gbà fún un, ì bá ti gba ẹ̀yìn jáde. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Mo jó aṣọ rẹ, mo bẹ̀ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n Túndùn, mo ti ní kí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò mi. Má gba ipò rẹ̀."

Túndùn wò ó. Ó wo aṣọ náà. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Olúdayọ̀ dúró síbẹ̀.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Àgò onílé o," ni ohùn Túndùn wí láti ìta.

"Àgò yà, aya mi," ni Olúdayọ̀ wí, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún un.